Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Jákẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá lóṣù yìí, kì í sì í ṣe ti gígùn àti kúkúrú tí ẹ ti gbọ́ títí tó ti sú yín. Jákẹ́ẹ̀tì kan ni. Dọ́là 39 ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù Zara. Ní June 21, 2018, Melania Trump, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ̀ ọ́ nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí McAllen ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọdé tó wọ̀lú láìní ìwé sí. Àwọn kan lára ọmọ wọ̀nyẹn, ìjọba ọkọ rẹ̀ ló já wọn gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá wọn ní ẹnubodè. Ariwo ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé ọjọ́ kan ṣáájú ìrìn àjò yẹn ni Ààrẹ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ wá wo ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó Ààrẹ wọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà ní lẹ́tà funfun pé: kò kàn mí rárá, ṣé ó kàn ọ́?

Agbẹnusọ rẹ̀ ní jákẹ́ẹ̀tì lásán ni, pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ó jàre níbì kan: kò fara pamọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ rẹ̀ ní àwọn oníròyìn ló ń bá wí. Nígbà tó di October, ìyàwó fúnra rẹ̀ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ABC pé àwọn oníròyìn àtàwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu òun ni òun wọ̀ ọ́ fún. Jákẹ́ẹ̀tì kan, ẹnu mẹ́ta, àlàyé méjì.

Èmi ò tiẹ̀ gba agbẹnusọ yẹn gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ní ìdí. Ní August 2017, lẹ́yìn tí ìjì Harvey ba Texas jẹ́, obìnrin yìí kan náà jáde nílé ìjọba pẹ̀lú bàtà gogoro, ó fẹ́ lọ kí àwọn tí omi ya bò. Ayé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó balẹ̀, ó ti bọ́ ọ, ó ti wọ kánfáàsì. Ẹni tó mọ̀ pé bàtà gogoro kò yẹ níwájú ẹni tí omi ba ilé rẹ̀ jẹ́, ẹni náà mọ̀ pé aṣọ ń sọ̀rọ̀. Kò lè wá sọ lọ́dún kejì pé jákẹ́ẹ̀tì ya odi.

Ẹ jẹ́ kí n yára kúrò lórí iye owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí. Ní May 2017 ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè olódòdó kan tí Dolce & Gabbana ṣe, ní Sicily ní ilẹ̀ Ítálì. Dọ́là 51,500 ni owó rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ti dọ́là 39 ni kò rọlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé aṣọ olówó pọ́ọ́kú ló ń fi ìrẹ̀lẹ̀ hàn, ẹ tún un rò.

Àwọn baba wa mọ̀ nípa àrokò. Tí ọ̀rọ̀ bá wà tí kò ṣe é fẹnu sọ, wọ́n á so owó ẹyọ pọ̀, wọ́n á fi rán ènìyàn. Àmọ́ àrokò ní ẹni tí a dì í fún. A kì í jù ú sáàárín ọjà kí ẹni tó bá rí i máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Bó bá jẹ́ àwọn oníròyìn ló ń bá jà, ìjà tirẹ̀ nìyẹn, kò kan tèmi. Ọ̀nà tó gbé e gbà ni mo ń wí: ọ̀nà ilé àwọn tó ń sunkún. Ó bọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà, wọn ò rí i. Ṣùgbọ́n ó tún gbé e wọ̀ nígbà tó ń padà bọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló dùn mí jù.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ó lọ. Àìmọye ìyàwó olórí ni kì í lọ. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, agbẹnusọ rẹ̀ ti sọ pé ó kórìíra kí a máa ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí, lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó sì tún lọ sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Arizona. Ta ló rántí? Ní October ọdún yẹn, ní Kenya, ó dé akẹtẹ̀ funfun líle kan, irú èyí tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó máa ń dé láyé ọjọ́un. Ariwo tún ta. Nígbà tó dé Íjíbítì, ó ní òun ìbá fẹ́ kí àwọn ènìyàn wo ohun tí òun ń ṣe, kì í ṣe ohun tí òun ń wọ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ìdajì. Àwa ọkùnrin lè wọ agbádá kan náà lọ síbi ìsìnkú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa fọhùn. Ṣùgbọ́n wọn kì í dìbò yan ìyàwó Ààrẹ, òun pàápàá kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí kì í lanu, aṣọ rẹ̀ ni a máa gbọ́.

Ní Texas yìí kan náà, ní November 22, 1963, wọ́n yìnbọn pa ọkọ Jacqueline Kennedy lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó pààrọ̀ aṣọ píǹkì tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, ó kọ̀. Òun ló wọ̀ dúró nígbà tí Johnson ń búra nínú ọkọ̀ òfuurufú, òun náà ló wọ̀ dé Washington. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Wọn ò fọ̀ ọ́ títí dòní. Ìjọba Amẹ́ríkà ló fi pamọ́, wọn ò sì ní pàtẹ rẹ̀ kó tó di ọdún 2103.

Ẹ tún rántí Ẹ́sítérì, ìyàwó olórí lòun náà. Nígbà tó gbọ́ pé Módékáì wọ aṣọ ọ̀fọ̀ wá sí ẹnubodè ọba, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi aṣọ ránṣẹ́ kí wọ́n fi pààrọ̀ tọrùn rẹ̀. Kò tíì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ o! Módékáì kò gbà á. Ìgbà yẹn ló tó ránṣẹ́ béèrè. Nígbà tó máa fi lọ bá ọba ní orí karùn-ún, aṣọ ayaba gan-an ló wọ̀, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó lè bá a wí, torí ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi wéwu lọ́jọ́ yẹn.

Àwa tí a ń gbé Jos, ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Láti ìgbà ìkọlù Bokkos ní Kérésìmesì 2023, ẹ ti rí àwọn tó sá fi ilé àti oko sílẹ̀, ẹ sì ti rí àwọn ìyàwó ọ̀gá tó ń wá kí irú wọn pẹ̀lú gèlè tó ga ju àpò ìrẹsì tí wọ́n gbé wá lọ. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwa náà ń lọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ti yan ankara fún ìbẹ̀wò wa, wọ́n tẹ orúkọ ìjọ sí i lára, ọ̀pá mẹ́fà sì jẹ́ náírà 18,000. Mo ti rí i, ó lẹ́wà. Màmá kan láàárín wa ti sọ fún ìyàwó mi pé òun ò ní lè bá wa lọ torí owó aṣọ náà. Gàrí àti ẹ̀wà tí màmá fẹ́ gbé lọ ti wà nínú àpò látọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi àti ìyàwó mi ti jọ sọ ọ́: aṣọ tó wà nílé ló máa wọ̀, òun àti màmá ni wọ́n á sì jọ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ti rán tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi í pamọ́ di ọjọ́ àjọ̀dún.