Kíkà Kọ́ Ni Dídárúkọ: Àgbéyẹ̀wò Ìgbáradì fún Àkàyé Gẹ̀ẹ́sì ní Dansoman

Dansoman, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Accra, jẹ́ àdúgbò tí ilé ìjọba pọ̀ sí, ó sì tún jẹ́ àdúgbò ilé-ẹ̀kọ́. Wesley Grammar wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ebenezer àti St. Margaret Mary, Yunifásítì Methodist pẹ̀lú fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Láàrin àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá wọ̀nyí ni àwọn kíláàsì kéékèèké tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní remedial wà: nínú yàrá ilé-ìjọsìn, nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé, tàbí ní àgbàlá onílé. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá débẹ̀ jù lọ ni C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá gba C6 lè wọ yunifásítì bí àwọn iṣẹ́ yòókù bá gún. Ẹni tí ó bá gba D7 yóò tún owó san, yóò sì tún jókòó ti àwọn ìbéèrè ọdún àtijọ́ tí àwọn ará Gánà ń pè ní pasco. Apor, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n jí gbé jáde kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó tọ́ ni ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wò, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni àléébù tí ó jinlẹ̀ jù lọ wà.

Ìgbìmọ̀ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1952 tí olú iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Accra, ni ó ń ṣe ìdánwò náà. SSSCE ni Gánà ń ṣe láti ọdún 1993 títí WASSCE fi gbapò rẹ̀ ní ọdún 2006. Nínú ìlànà WASSCE tí ó ti di bárakú, abala mẹ́ta ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Abala kìn-ín-ní jẹ́ ìbéèrè 80 tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láàrin wákàtí kan. Abala kejì ni ó ní àròkọ (máàkì 50), àkàyé (máàkì 20) àti ìsọnísókí (máàkì 30), wákàtí méjì péré sì ni fún gbogbo rẹ̀. Fún àkàyé, àyọkà kan tí kò dín ní 350 ọ̀rọ̀ ni wọn yóò gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò sì retí pé kí ó fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú parí rẹ̀.

Ìlànà náà sọ ohun tí àwọn ìbéèrè àkàyé ń dán wò. Ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lóye ohun tí àyọkà sọ ní tààrà, kí ó fòye gbé ohun tí kò sọ, kí ó mọ ìwà àti ìmọ̀lára tí ìlò èdè fi hàn. Kò sí ẹni tí yóò bá a jà lórí ìwọ̀nyí. Ó fẹ́ kí ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lè gbapò ọ̀rọ̀ inú àyọkà; èyí náà dára dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ẹ̀yà gírámà tí àpólà kan tàbí awẹ́ gbólóhùn kan jẹ́, kí ó sì sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Kí ó dárúkọ ọnà-èdè tí òǹkọ̀wé lò. Orí ìbéèrè dídárúkọ yìí ni ìgbáradì ní Dansoman kó gbogbo agbára rẹ̀ lé, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Òun nìkan ni ó ṣeé há sórí. Òye kò ṣeé kọ sí pátákó kí kíláàsì tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣùgbọ́n òfin pé awẹ́ gbólóhùn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “when” jẹ́ aṣàpọ́nlé tí ó ń sọ àkókò ṣeé kọ, ó ṣeé dà kọ, ó sì ṣeé tà.

Òfin náà kì í sì í ṣe òtítọ́. Bí ènìyàn bá wo gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí, yóò rí i:

The trader wept when the order came.
The trader remembered the day when the order came.
The trader remembered when the order came.

Awẹ́ gbólóhùn kan náà ni ó parí gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìyọ ọ̀rọ̀ kan, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un. Síbẹ̀ orúkọ mẹ́ta ni olùyẹ̀wò ń retí: aṣàpọ́nlé nínú èkíní, ẹ̀yán ọ̀rọ̀ orúkọ nínú èkejì, awẹ́ gbólóhùn tí ó dúró bí ọ̀rọ̀ orúkọ nínú ẹ̀kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há òfin remedial sórí yóò gba ọ̀kan, yóò sì pàdánù méjì. Bí wọ́n bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan náà léèrè pé kí ni oníṣòwò náà ṣe nígbà tí àṣẹ dé, tàbí kí ni ó rántí, yóò dáhùn láìṣìnà. Ó ti ka gbólóhùn náà, ó ti yé e, ó sì ti pàdánù máàkì nínú ìbéèrè tí wọ́n pè ní àkàyé.

Ọ̀rọ̀ náà le ju báyìí lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú èdè ilé wá sí kíláàsì. Yorùbá yóò sọ pé “oníṣòwò náà sunkún nígbà tí àṣẹ náà dé”, yóò sì sọ pé “oníṣòwò náà rántí ọjọ́ tí àṣẹ náà dé”. Bí ènìyàn bá tú “nígbà tí” palẹ̀, yóò bá ọ̀rọ̀ atọ́kùn “ní”, ọ̀rọ̀ orúkọ “ìgbà”, àti “tí” tí ó ń ṣáájú awẹ́ gbólóhùn tí ó jẹ́ ẹ̀yán fún ọ̀rọ̀ orúkọ náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin “ìgbà tí” àti “ọjọ́ tí” kò ju ti ọ̀rọ̀ orúkọ lọ. Àwọn onígírámà Yorùbá pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ tí ó yẹ irú ìhun yìí. Yorùbá nìkan kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Twi ń lo “berɛ a”, tí “berɛ” jẹ́ àkókò tí “a” sì ń ṣe iṣẹ́ “tí”. Gã ń lo “be ni”, tí “be” jẹ́ àkókò. Ewe náà ní “ɣeyiɣi si me”, ọ̀rọ̀ fún àkókò, atọ́ka ẹ̀yán, àti ọ̀rọ̀ fún inú. Àwọn èdè wọ̀nyí ni ó yí ọmọ Dansoman ká, nínú ilé, nínú tírótírò àti lọ́jà. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pe “when the order came” ní ẹ̀yán nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, kì í ṣe pé kò ronú. Ó ti ṣe ìtúpalẹ̀ tí ó bá èdè rẹ̀ mu, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò lè ṣe.

Ibi tí èdè ilé ti lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n sì pa tì. Yorùbá ní “pé”, Twi ní “sɛ”, Gã ní “akɛ”, Ewe ní “be”. Gbogbo wọn ń ṣáájú awẹ́ gbólóhùn tí ó jẹ́ àbọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìṣe bíi “sọ” àti “gbọ́”. Carol Lord ti fi èdè agbègbè yìí ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1993 bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń di irú atọ́ka bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún olùkọ́ láti fi “sɛ” hàn kíláàsì kí ó tó kọ “that” sí pátákó, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn kò sì ní dí pasco lọ́wọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. “Ó” ti Yorùbá, “ɔ-” ti Twi àti “e-” ti Gã kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Nínú àyọkà tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti ń bá ara wọn ṣòwò, “he” àti “she” ni ó ń sọ fún òǹkàwé ta ni ó ṣe kí ni. Ó ṣeé ṣe kí ojú tí èdè ilé kò kọ́ láti wá àmì yìí fò ó. Kò sí ìbéèrè pasco tí ó dárúkọ ìṣòro náà, nítorí náà wọn kì í kọ́ ọ.

Ó rọrùn láti dá àwọn olùkọ́ remedial lẹ́bi, ó sì ti di àṣà nínú àwọn bébà ìpàdé bí irú èyí. Kò tọ́. Alderson àti Wall béèrè ní ọdún 1993 bóyá òótọ́ ni pé ìdánwò ń darí ẹ̀kọ́, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí a má kàn gbà á bẹ́ẹ̀ láìwo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Ohun tí kíláàsì Dansoman fi hàn ni pé ìdánwò kì í darí gbogbo ẹ̀kọ́. Apá tí ó rọrùn láti há sórí ni ó ń fà á lọ. Olùkọ́ tí ó ní wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ tí àwọn òbí sì ń wo ojú rẹ̀ fún C6 ń ṣe ohun tí ó mọ́gbọ́n wá. Ẹ̀bi wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣètò ìbéèrè, apá kan rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí wọ́n ti ń kó àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ láìbéèrè bóyá ìbéèrè fúnra rẹ̀ pé.

Ohun kan tún wà tí pasco kò lè fúnni, ìyẹn ìmọ̀ ayé tí òǹkàwé mú wá bá àyọkà. Steffensen, Joag-Dev àti Anderson fi hàn ní ọdún 1979, nígbà tí wọ́n fún àwọn ará Íńdíà àti àwọn ará Amẹ́ríkà ní lẹ́tà nípa ìgbéyàwó ilẹ̀ méjèèjì, pé kíákíá ni ẹni kọ̀ọ̀kan ka ti ilẹ̀ rẹ̀ tí ó sì rántí rẹ̀ jù. Kí ènìyàn wá ronú nípa “the order” inú àpẹẹrẹ òkè yìí. Ọmọ Yorùbá tí ìyá-ìyá rẹ̀ ṣòwò ní Accra yóò gbọ́ àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Busia fi lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde. Ọmọ Gánà yóò gbọ́ ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ará ilé rẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà tí àpò onílà sì gba orúkọ “Ghana must go” mọ́ra. Bí àyọkà bá sọ pé obìnrin kan kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan tí ìbéèrè sì béèrè ìdí, àwọn méjèèjì yóò fòye gbé e kí ọmọ London tó parí gbólóhùn. Kíláàsì tí ó bá kó ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó kàwé ń kọ́ni ní àkàyé, bí kò tilẹ̀ ní nǹkan kan láti kọ sí pátákó.

Ti Nàìjíríà kò sàn jù. Nínú abala kẹta WASSCE, Gánà, Sierra Leone àti Gambia ni ìlànà ní kí wọ́n gbọ́ ohùn kí wọ́n sì dáhùn lórí ohun tí wọ́n gbọ́. Nàìjíríà àti Liberia ń fi ojú wá fáwẹ̀lì lórí ìwé. Lójú onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, Gánà ni ó borí níbẹ̀, ó sì yani lẹ́nu pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ti sọ bẹ́ẹ̀. JAMB ti gbìyànjú láti mú akẹ́kọ̀ọ́ ka odindi ìwé: The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba ni wọ́n yàn fún UTME ọdún 2025. Ète náà dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó lè béèrè orúkọ ẹ̀dá-ìtàn àti ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ti bí ìwé àkótán, àkótán ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kà. Pasco mìíràn nìyẹn.

Láàrin ìlànà ìjọba, èdè ilé kò tíì rí ibi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà lábẹ́ Fáfúnwá ní ọdún 1970, ó sì fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2002 Gánà kéde Gẹ̀ẹ́sì nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ pàṣẹ pé kí èdè abínibí padà. Ní ọdún kan náà Nàìjíríà fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022 tí ó fọwọ́ sí èdè abínibí. Àwọn méjèèjì kọjá lára wọn lójú ọ̀nà. Ọmọ tí ó wà ní remedial lónìí kò lè dúró de èyí tí yóò borí.

Àtúnṣe tí ó wà ní àrọ́wọ́tó kéré. Abala kìn-ín-ní ti ń fi ìbéèrè 80 dán ọ̀rọ̀ àti ìhun gbólóhùn wò. Bí ìgbìmọ̀ bá ka dídárúkọ awẹ́ gbólóhùn sí ohun tí ó ṣe pàtàkì, ibẹ̀ ni kí ó gbé e lọ. Wọn yóò sọ pé dídárúkọ ni ó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wo ìhun gbólóhùn dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá wo “when” nìkan ti rí ìdáhùn tí òfin fún un, kò sì sí ìdí fún un láti wo ìyókù. Ìbéèrè tí yóò mú un wò ó ni èyí tí ó béèrè ohun tí “which” ń tọ́ka sí, tàbí ta ni “she”, tàbí èwo nínú ohun méjì ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Kò sí òfin kan lórí pátákó tí ó lè dáhùn rẹ̀ láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ padà sínú àyọkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣètò ìbéèrè wọ̀nyí àti àwọn tí ń máàkì wọn jẹ́ olùkọ́ yunifásítì ní agbègbè yìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbólóhùn mẹ́ta ti oníṣòwò yẹn síwájú ara wọn, ní Twi, ní Gã àti ní Yorùbá, kí wọ́n sì wò ó bóyá orúkọ kan náà ni gbogbo wọn yóò sọ.