Omi Tí Wọ́n Pọn Àti Omi Tí Wọ́n Fẹ́: Àyẹ̀wò Ìṣirò Omi Ìlò Ilé

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí Drawers of Water (1972), ìwé tí Gilbert White, David Bradley àti Anne White kọ nípa àwọn apọnmi ní ibùdó 34 ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà. Ìyì iṣẹ́ náà ni pé kò fi mọ sórí àwọn ilé tí ó ní ẹ̀rọ. Ó ka àwọn tí ń fi orí ru omi pẹ̀lú.

Ìlò ni ìwé náà wọ̀n. Àwọn kan tí wọ́n tẹ̀lé e ni wọ́n ń ka ìlò sí àìní. Nínú àwòṣe wọn, iye lítà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò lóòjọ́ ni èsì. Iye ará ilé, owó tí ń wọlé àti jíjìn odò ni okùnfà. Bí omi ẹ̀rọ bá ń yọ nígbà gbogbo, èyí lè tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ó ń yọ, ohun tí ilé-iṣẹ́ omi rí fún onílé ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ohun tí onílé fẹ́. Ìwádìí kejì, tí wọ́n padà lọ ṣe ní àwọn ibùdó náà ní 1997, fi hàn pé omi tí àwọn ilé oní-ẹ̀rọ ń lò ti dín kù sí ti ìgbà àkọ́kọ́. Ta ni yóò sọ pé òǹgbẹ wọn ni ó dín kù?

Àtúnṣe kò jìnnà. Láti 1958 ni James Tobin ti fi hàn bí ìṣirò ti lè gba ti iye tí ó kan òpin rò. Lítà 20 tí ilé kan rí lò ní ọjọ́ ọ̀wọ́n omi yóò wá di “ó kéré tán, 20”. Olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ wákàtí tí omi fi yọ àti àkókò tí wọ́n fi tò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé lásán. Iye tí àwòṣe bá mú jáde ni ẹnjiníà fi ń yan páìpù. Ìlú tí wọ́n bá ka ìfaradà rẹ̀ sí ìtẹ́lọ́rùn, páìpù tóóró ni wọn yóò rì fún un, omi díẹ̀ tí ó bá sì gba inú rẹ̀ kọjá yóò tún jẹ́rìí sí ìṣirò náà. Bẹ́ẹ̀ ni àìtó omi ìwẹ̀ ń tan kúrúnà kálẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí kò rí omi dà, kí ìṣirò má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ó wù ú.