Àwòrán Agolo Oníhò Mẹ́ta

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ó dá mi lójú pé ẹ rántí àwòrán kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé físíìsì: agolo gíga kan, ihò mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ń tú jáde. Ti ìsàlẹ̀ ló ń lọ jìnnà jù, ti òkè ló ń já sítòsí. Wọ́n ní ó fi hàn pé prẹ́ṣọ̀ omi ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Àwòrán tí wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni kì í ṣe òtítọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní agolo jókòó sílẹ̀, omi inú rẹ̀ ga tó sẹ̀ńtímítà 30, a sì ń bu omi kún un kó má bàa fà. Àwọn ihò wà ní sẹ̀ńtímítà 5, 15 àti 25 sísàlẹ̀ ojú omi. P = hρg. Fún omi, ρ jẹ́ 1,000 kg/m³; ká fi g sí 10 m/s². Ẹ sọ sẹ̀ńtímítà di mítà o! Ẹ ó rí 500, 1,500 àti 2,500 Pa. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí omi máa balẹ̀ sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ prẹ́ṣọ̀ nìkan. Omi ìsàlẹ̀ yára lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ti sún mọ́ ọn jù, kì í pẹ́ kó tó balẹ̀. Bí a bá ṣírò ìyára pọ̀ mọ́ àkókò, ihò àárín ló ń lọ jìnnà jù, sẹ̀ńtímítà 30. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ á balẹ̀ sójú kan náà, ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 22.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ọmọ tó bá dán an wò, tó ya ohun tó rí, á gba òdo. Èyí tó da ìwé kọ á gba máàkì. Èmi náà ti fa bírò pupa sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbé agolo yẹn sí etí tábìlì tó ga ní mítà 1, kí omi já sílẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ á wá ṣáájú lóòótọ́. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ rí méjèèjì, kí wọ́n sì bi yín pé kí ló dé.