Ògiri àti Kànga: Ìgbé-Ayé Ìdílé Páásì ní Bombay àti ti Àgùdà ní Èkó nínú Ìtàn-Àròsọ Méjì

Ìfáárà

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń ka ìtàn-àròsọ tí ó dá lórí ẹ̀yà kékeré nínú ìlú ńlá. Èrò náà ni pé ìlẹ̀kùn títì ni ó ń pa irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ṣí i, ìlú yóò gbé wọn mì. Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi ìwé méjì yẹ èrò náà wò. Èkínní ni Such a Long Journey tí Rohinton Mistry gbé jáde ní 1991, lórí ìdílé Páásì kan ní Bombay, ìlú tí orúkọ rẹ̀ yí padà sí Mumbai ní 1995. Èkejì ni A Casa da Água, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Ilé Omi, tí Antonio Olinto, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, gbé jáde ní èdè Potogí ní 1969, lórí ìdílé Àgùdà kan ní Èkó. Ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1970. Olinto mọ Èkó dáadáa, nítorí ó ṣiṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Ibùdó-ìtàn méjèèjì jìnnà síra, ṣùgbọ́n ilé ni ó rù ẹrù ìtàn nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Lára ilé Mistry, ògiri ni àrokò tí ó gba iwájú. Lára ilé Olinto, kànga ni. Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohun tí ẹ̀yà kékeré bá fi fún ìlú ni ó ń tọ́jọ́ ju ohun tí ó fi pamọ́ lọ, àti pé ìwé Mistry gan-an, tí ó dàbí ìwé ògiri, ń jẹ́rìí sí i.

Ògiri Ilé Khodadad

Ọmọ àwọn ẹlẹ́sìn Zoroaster ni àwọn Páásì. Àwọn baba ńlá wọn kúrò ní ilẹ̀ Páṣíà lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí gba ìjọba ibẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Gujarat ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọba ibẹ̀ fi abọ́ wàrà tí ó kún dẹ́nu ránṣẹ́ sí wọn, láti fi yé wọn pé kò sí àyè. Àlùfáà wọn da ṣúgà sí i. Wàrà náà kò dà sílẹ̀, ó kàn dùn sí i ni. Ṣúgà inú wàrà ni ẹ̀yà náà fi ń ṣe àpèjúwe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ìdílé wọn kò fẹ́ kí ṣúgà náà yọ́ tán. Nínú ẹjọ́ kan tí ilé-ẹjọ́ gíga Bombay dá ní 1908, èrò àwọn adájọ́ ni pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Páásì lè jẹ́ Páásì. Ọmọ tí obìnrin Páásì bí fún ará ìta kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ju 100,000 lọ ní 1941. Ìkànìyàn Íńdíà ti 2011 ka 57,264 péré.

Mistry, tí wọ́n bí ní Bombay ní 1952, tí ó sì ṣí lọ sí Kánádà ní 1975, gbé ìbẹ̀rù yìí wọ inú ilé. Gustad Noble, òṣìṣẹ́ báńkì, ń gbé ní Ilé Khodadad pẹ̀lú Dilnavaz aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ní 1971 ni ìtàn náà wáyé, ṣùgbọ́n bébà dúdú tí Gustad lẹ̀ mọ́ fèrèsé nígbà ogun Íńdíà àti Ṣáínà ní 1962 ṣì wà níbẹ̀. Ogun ti parí, òkùnkùn kò kúrò nílé. Fèrèsé tí wọ́n dí kò sì mú àlàáfíà wá: Sohrab, àkọ́bí, kọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ ti fi gbogbo ọkàn lé, ó sì fi ilé sílẹ̀.

Ní ìta ni ògiri wà. Ó bo ilé lójú òpópó, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọjá ń tọ̀ sí i lára, òórùn àti ẹ̀fọn sì ń wọlé. Gustad ní kí ayàwòrán ojú pópó kan ya àwọn òrìṣà àti ẹni mímọ́ gbogbo ẹ̀sìn sí i. Láti ìgbà náà ni ìtọ̀ ti dópin, tí òdòdó àti tùràrí sì rọ́pò rẹ̀. Níbí ni ọgbọ́n-ìsọ̀tàn Mistry ti hàn jù. Òwe Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ewu ni ẹnu ògiri nínú òwe náà. Nínú ìwé yìí, ìgbà tí ògiri kọ ojú sí ìgboro, tí ó gba òrìṣà aládùúgbò mọ́ra, ni ó tó di ohun ọ̀wọ̀. Nígbẹ̀yìn, ìjọba ìlú wó o láti mú ọ̀nà gbòòrò. Òkò pa Tehmul, aládùúgbò wọn aláàbọ̀ ara, nínú rògbòdìyàn ọjọ́ náà. Ọjọ́ yìí kan náà ni Sohrab padà bá bàbá rẹ̀, tí Gustad sì ya bébà dúdú kúrò lójú fèrèsé. Òǹkàwé tí ó bá ka òpin yìí sí ìparun ẹ̀yà kan fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ láìkà.

Kànga Mariana

Àwọn Àgùdà ni àwọn tí wọ́n padà dé láti Bùràsíìlì àti Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Nínú ìwé Olinto, ìyá àgbà kan tí ó ti ṣe ẹrú ní òkè òkun fẹ́ padà sílé. Ó kó ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀pọ̀ èrò sì kú lójú ọ̀nà. Mariana, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà, dàgbà ní Èkó, ó gbẹ́ kànga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi. Nínú owó omi ni ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ti jáde, títí ọ̀kan nínú wọn fi di olórí orílẹ̀-èdè àfinúrò kan, Zorei, tí wọ́n sì pa á lórí oyè. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́: Ilé Omi ti ìdílé da Rocha ní òpópó Kakawa.

Ògiri ń yà, kànga ń pè. Ẹni tí ó ni kànga kò lè yan ẹni tí òùngbẹ yóò gbẹ. Nítorí náà ni ìdílé Mariana ṣe di ti ìlú láìjẹ́ pé ó kéde rẹ̀. Ṣùgbọ́n àléébù ìwé náà wà níbí pẹ̀lú. Yorùbá ní omi kò ní ọ̀tá. Omi tí wọ́n ń tà ní oníbàárà àti olówó. Ojú ìdílé Mariana ni Olinto fi wo ohun gbogbo, ohùn àwọn tí ń ra omi kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde. Mistry mú kí òǹkàwé gbóòórùn ìta ilé. Olinto kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí àwọn tí ó to agbè àti ìkòkò sídìí kànga ń sọ.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Àlejò ni Páásì ní Gujarat. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà jẹ́ ọmọ tí ogun ilẹ̀ Yorùbá kó lọ, tí wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ilé ìyá wọn. Ó rọrùn fún ẹni tí ó ń padà bọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn ju ẹni tí ó sá wá lọ. Kò tọ́ láti fi ìrọ̀rùn èkejì dá èkínní lẹ́bi.

Orúkọ, Oúnjẹ àti Ìpàdánù

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé méjì ni àwọn Àgùdà wò, èyí ni orúkọ bíi da Silva àti Pereira fi ń tẹ̀lé orúkọ Yorùbá títí di òní. Frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ti kúrò ní oúnjẹ Àgùdà nìkan; ọ̀pọ̀ Kristẹni Èkó tí kò ní ìyá àgbà kankan ní Bùràsíìlì ń jẹ ẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kọ́lékọ́lé Àgùdà fún àwọn Mùsùlùmí ìlú.

Àtakò tí ó lágbára wà sí èyí. Èdè Potogí ti kú nínú ilé Àgùdà. Ilojo Bar, ilé ìdílé Fernandez ní Tinubu, tí ìjọba ti sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, di wíwó ní oṣù kẹsàn-án 2016. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó ń fúnni náà ń pàdánù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kú ni èyí tí ìdílé nìkan dá ní, tàbí èyí tí ìlú kò kà sí tirẹ̀. Ẹ̀wà Ọjọ́ Ẹtì Rere kò nílò òfin kankan láti wà láàyè.

Ìwé Méjèèjì ní Ojú Ará Ṣómólú

Ṣómólú jẹ́ ibi tí ó dára láti dán àbá yìí wò, nítorí kò sí ẹ̀yà kan tí ó lè mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká níbẹ̀. Nínú ilé oníyàrá kọjúsíra-ẹni, ìdílé láti ìlú mẹ́fà lè máa fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo, méérúwà sì ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri fún àwọn tí kò ní. Àwọn òǹkàwé yìí yóò tètè bi Olinto léèrè ẹni tí kò rí owó omi san.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní Bàríga. Ní 1859 ni wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, T. B. Macaulay, ọ̀kan nínú àwọn Sàró tí wọ́n bọ̀ láti Sierra Leone, sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1959 ni ó ṣí lọ sí Bàríga. Àwọn Sàró jọ Páásì nínú ìfẹ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ipò alárinà lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Lónìí, ọmọ tí ó ń wọ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní láti jẹ́ ọmọ Sàró. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń pe ara rẹ̀ ní Sàró mọ́. Kànga tí wọ́n gbẹ́ kò gbẹ.

Ìgúnlẹ̀

Ní 2010, Yunifásítì Mumbai yọ ìwé Mistry kúrò nínú àwọn ìwé tí ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí ìfẹ̀hónúhàn ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ògiri tuntun nìyẹn, ìlú ni ó sì mọ ọ́n ní ọ̀tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀yà kékeré. Èyí fi hàn pé ẹrù àlàáfíà kò sí lórí àlejò nìkan. Ẹ̀yà kékeré lè gbẹ́ kànga, ó lè ya àwòrán òrìṣà gbogbo ayé sára ògiri rẹ̀. Bí ìlú bá kọ̀ láti mu, tàbí tí ó gbé katakata wá, iṣẹ́ náà di asán. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ máa fi ìwé méjèèjì kọ́ni pọ̀: kí ti Mistry bi ìlú léèrè ohun tí ó wó, kí ti Olinto sì rán an létí omi ẹni tí ó ń mu.