Ìṣelámèyítọ́ Àwòrán Inú Òkun Tí Kọ̀ǹpútà Ń Yà: Ocean Data View Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáàrà

Ojú lásán kò tó ìsàlẹ̀ òkun. Ẹ̀rọ ni àwọn onímọ̀ ń rán lọ síbẹ̀. Nínú ètò Argo, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń ṣe, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan a máa bá omi rìn ní nǹkan bí 1,000 mítà sísàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 10, a rì dé 2,000 mítà, a sì máa wọn ìgbóná omi àti iyọ̀ inú rẹ̀ bí ó ti ń gòkè bọ̀. Nọ́ńbà jáǹtìrẹrẹ ni èsì rẹ̀. Kí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè di àwòrán ni Reiner Schlitzer, ní Alfred Wegener Institute ní Jámánì, fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ́ Ocean Data View. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé àwòrán tí ó dùn ún wò lè sọ ju ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n lọ.

Ibi tí ètò náà ti yege

Ọ̀fẹ́ ni fún ìwádìí àti ìkọ́ni. Ó ń ya ìwọ̀n láti ojú omi lọ sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òkun ti rí gan-an. Bí a bá sì fi ìgbóná kọjú sí iyọ̀ nínú àwòrán kan náà, omi tí orísun wọn yàtọ̀ yóò dá yàtọ̀.

Ibi tí ó kù sí

Láàárín ibùdó ìwọ̀n méjì, ẹ̀rọ kankan lè má dé ibẹ̀. Síbẹ̀ ètò náà a máa fi ìṣirò dí àlàfo náà, a sì fi àwọ̀ kùn ún. Òǹkàwé kò ní mọ èyí tí a wọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí a fojú dá. Àwọ̀ òṣùmàrè tún dá kún un: ìyeyè a máa tàn ju àwọn yòókù lọ, ènìyàn a sì rò pé ààlà wà nínú omi níbi tí kò sí. Ìdí nìyí tí MATLAB ní 2014, àti Matplotlib ní 2017, fi fi àwọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ní 2016, Kristen Thyng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọ̀ cmocean jáde fún ìmọ̀ òkun. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Àwòrán aláwọ̀ mèremère ni ojú ń fẹ́.

Síbẹ̀, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ètò náà nìkan. Ó fi àyè sílẹ̀ láti fi àmì tọ́ka sí ibi tí a ti wọ̀n, àti láti pa ibi tí ìfojúdá kò dáńgájíá rẹ́. Ẹni tí kò lò ó ni ó jẹ̀bi.

Ìkádìí

Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya ìlà ìwọ̀n kan ṣoṣo lórí ìwé oníhò, kí ó tó fi kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́. Bí ó bá mọ iye àmì tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, yóò mọ ibi tí ó yẹ kí àwòrán dákẹ́.