Òkùnkùn inú àwòrán Hiroshige

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ padà. Nígbà tí mo fi àwòrán Hiroshige hàn yín, èyí tí wọ́n ti ń yin iná ìṣeré sójú ọ̀run lẹ́bàá afárá Ryōgoku, mo ní fàájì lásán ni. Àṣìsọ ni.

Ọdún 1858 ni wọ́n fi pákó fífín tẹ àwòrán náà jáde. Odò Sumida nílùú Edo, Tokyo òde òní, ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi lálẹ́ ìgbà ooru, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Fàájì kọ́ nìyẹn ni? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àwọn èèyàn yẹn kò ju èèrà lọ. Òkùnkùn ló gba ibi tó pọ̀ jù. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló sì fọwọ́ nu ọ̀dà lórí pákó, kó lè ṣú níbì kan, kó mọ́ díẹ̀ níbòmíràn.

Ilẹ̀ mì ní Edo lọ́dún 1855. Ilé wó, iná sọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Hiroshige bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àwòrán tí èyí wà nínú rẹ̀. Òun náà kú lọ́dún 1858.

Mi ò sọ pé ọ̀fọ̀ ló yà o. Ohun tí mo rí báyìí ni pé kò torí fàájì fi òkùnkùn pa mọ́, kò sì torí òkùnkùn lé àwọn èèyàn wọlé. Ìdí nìyẹn tí iná kékeré yẹn fi ń wù mí í wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.