Ta Ni Wọ́n Ń Kì Nínú Àwo Yìí?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní Ìkòròdú, mo gbé orin Haruna Ìṣọ̀lá sí i lórí fóònù. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ọ̀rẹ́ mi tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì fi pariwo pé, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká sùn o!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo wo ẹsẹ̀ ọ̀gbẹ́ni náà, ó ti ń mì tẹ̀lé agídìgbo. Ó ní, "Bàbá yìí le o!" Mo bi í pé kí ni bàbá ń sọ. Ó ní, "Èmi ò mọ̀ jàre. Ṣáà jẹ́ kó máa lọ."

Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwo àtijọ́ ti ń jí dìde. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù gbé Living Is Hard jáde, ìyẹn orin tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ sínú àwo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1927 sí 1929. Domingo Justus, tó ń fi Yorùbá kọrin, wà nínú wọn. Ní 2020, Soul Jazz Records, ní Lọ́ńdọ̀nù náà, gbé Apala: Apala Groups in Nigeria 1967-70 jáde. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: ọdún ogun abẹ́lé ni. Ìbọn ń dún níbì kan, àpàlà ń dún níbòmíràn. Nílé níbí náà, àwọn onísíídì ń kó ogójì orin sójú síídì kan, àwọn mìíràn sì ń gbé e sórí YouTube.

Ṣé ó dára? Ó dára. Àwọn òyìnbó kì í jẹ́ kí orin àwọn àgbà tiwọn kú. Ìran dé ìran ni wọ́n ń tún un tẹ̀. Àpàlà tó orin àgbà fún wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń yìn ín, ká ṣọ àléébù rẹ̀ náà.

Àléébù kìíní, ti ìró ni. Àwo àtijọ́ máa ń pariwo ṣììì bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà. Ẹni tó bá fẹ́ fọ ariwo yẹn kúrò gbọ́dọ̀ rọra, torí ibi tí ariwo wà náà ni ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà. Tó bá fọ̀ ọ́ jù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á bá omi lọ. Síídì ìta tí mo rà tún burú ju ìyẹn lọ: wọ́n gé ìdí orin kí òmíràn lè ráyè wọlé. Haruna ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi já lu ú!

Àléébù kejì ló dùn mí jù. Ẹ ra àwo ọ́pẹ́rà, ẹ ó sábà bá ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí nínú rẹ̀, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè Ítálì lè máa bá a lọ. Síídì àpàlà tí mo rà ńkọ́? Àwòrán bàbá pẹ̀lú fìlà, àti nọ́ńbà orin, ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ ni àpàlà. Ìlù rẹ̀ gan-an ń sọ̀rọ̀.

Haruna fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Ní 1948, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó yìí gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dọ̀ His Master's Voice, ó fi kọrin nípa Ọba Adébóyè, Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, wọ́n tún un gbé jáde ní 1955, orúkọ Haruna sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Kí ló yí padà? Lójú tèmi, àwọn èèyàn mọ ẹni tó ń kì, ọ̀rọ̀ náà sì ti wá kàn wọ́n. Ẹ mú Oroki Social Club ti 1971 náà. Ẹni tí kò mọ̀ pé Òṣogbo ni Òrokí, orúkọ lásán ló ń gbọ́.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú, mo gba Ìtòìkín kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi. Mo gbé Lígálì Mùkáíbà sí i fún wọn, torí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Màmá ò jó. Wọ́n na ọwọ́: "Dá a dúró. Ṣé o gbọ́ ohun tó dárúkọ yẹn?" Mo ní orúkọ èèyàn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orúkọ ilé ni, ọmọ mi. Ilé ọ̀hún ti wó." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: ta ló kọ́ ilé náà, ta ló fẹ́ ta, ta ló ná owó fún olórin lọ́jọ́ wo. Orin ìṣẹ́jú díẹ̀ di ìtàn wákàtí méjì.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orúkọ kan, Màmá dákẹ́. Wọ́n ní àwọn ò rántí mọ́, ẹni tí ì bá mọ̀ ọ́n, èṣí ni wọ́n sin ín.

Ẹ̀rù bà mí. Orin náà wà nínú fóònù mi pérépéré, kò dín kan. Àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ ló ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń jiyàn pé etí lorin wà fún, kì í ṣe ìwé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mì kí orí rẹ̀ tó mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà lè mi ẹsẹ̀. Kí ni àǹfààní tiwa tí a jẹ́ ọmọ onílé?

Àbá mi rèé. Kí olúkúlùkù wa nínú ẹgbẹ́ mú orin àpàlà kan ṣoṣo, kó gbé e tọ àgbà kan lọ, kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kó sì béèrè gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀. Èmi ti kọ tèmi. Ojú ewé méjì ni. Àlàfo mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí Màmá ò lè dí. Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ ará Ẹ̀pẹ́, jọ̀ọ́, wá bá mi.